Efínrín Inú Ìkòkò àti Omi Àjùmọ̀lò

Lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí jìnnà díẹ̀ sí ilé. Láti Nimbo ló ti wá, àdúgbò kan ní ìlú Bouaké, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ìyàwó ilé kan ló kọ ọ́. Ọmọ Ejìgbò ni, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé bí ènìyàn bá ju òkò sínú ọjà lọ́hùn-ún, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọmọ Ejìgbò ni yóò bà.

Ó ní efínrín òun kì í pé oṣù méjì nínú ìkòkò kó tó kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti gbìn ín. Kì í ṣe pé kì í tọ́jú rẹ̀ o. Láàárọ̀ á bomi rin ín, lálẹ́ á tún bomi rin ín, ife méjì-méjì nígbà kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀ ewé á pupa rúsúrúsú, igi á dúdú láti ìsàlẹ̀, ó parí.

Ohun tó kọ sí ìparí lẹ́tà náà ló dùn mí jù. Ìdílé mẹ́fà ló jọ ń gbé inú àgbàlá yẹn, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, gbogbo wọn ló sì ń dá owó omi. Àwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹnì kan sọ ọ́ sí i lójú níbi ẹ̀rọ pé owó àwọn ló fi ń ra omi fún ewé, ewé ọ̀hún kò tilẹ̀ wá yè. Ó bi mí pé, "Mà, ṣé kí n kúkú jáwọ́ ni, kí n máa ra efínrín lọ́jà bíi ti gbogbo ayé?"

Kó má jáwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ̀rọ̀ sí i níbi ẹ̀rọ yẹn, n kò ní bá a jà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi alára rí ní Nimbo kan náà.

Ọdún 2018 ni mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ní lọ́kàn, àmọ́ orúnkún rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, mo sì dúró tì í di bí oṣù mẹ́ta. Oṣù Kẹta ni mo dé. Ẹ̀rọ omi ti dákẹ́ kí n tó dé. Adágún Loka tí wọ́n fi ìdídò sé, níbi tí Bouaké ti ń rí nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá omi ẹ̀rọ rẹ̀, ti gbẹ. Òjò kò rọ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n sì tún ń dá àwọn tó ń wa iyanrìn káàkiri agbègbè adágún náà lẹ́bi. Ìlú tó jẹ́ pé òun ló tẹ̀lé Abidjan ní títóbi ní gbogbo Côte d'Ivoire wá di ibi tí ọkọ̀ ńlá ti ń gbé omi kiri. Bí a bá gbọ́ ìró ọkọ̀ náà, gbogbo wa á gbé korobá àti kẹ́ẹ̀gì, bìdóònù ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, a ó sáré lọ tò sórí ìlà. Ẹni tí kò bá lágbára àtisáré, kànga ló kù fún un, kànga tí òun náà ti ń pọn ẹrẹ̀.

Ìkòkò márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà yẹn: efínrín ńlá méjì, ewé tíì kan, míǹtì kan, àti ewúro kan nínú korobá tó ti ya létí. Ó fẹ́ràn míǹtì yẹn ju àwọn yòókù lọ, nítorí tíì aláwọ̀ ewé tí àwọn Jùlá àdúgbò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sè.

Ní ọjọ́ kan, ó ń da ife omi kan sí ìdí míǹtì náà. Omi tí a tò fún ni. Màmá Baoulé kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò ó. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Àbúrò mi, ọmọ-ọmọ mi kò tíì wẹ̀ láti àná." Ẹ̀gbọ́n mi gbé ife sílẹ̀, ó wọlé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́.

Mo fẹ́ràn ewéko, gbogbo ẹ̀yin tó ń ka abala yìí ti mọ̀. Síbẹ̀ màmá yẹn ló jàre lójú mi, títí di òní. Kò sí ewé kan láyé tó yẹ kí a fi omi mímu bọ́ nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn kò rí omi wẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó tí a ṣírò. Ife onírin tí a ń lò ń gba nǹkan bí ìdajì lítà. Bí a bá fẹ́ se ìrẹsì fún ìdílé rẹ̀, ife mẹ́fà omi la fi ń ṣan án kó tó mọ́, gbogbo rẹ̀ la sì ń dà sínú gọ́tà. Nígbà tí a wá yẹ ìkòkò kọ̀ọ̀kan wò, ohun tí efínrín méjèèjì, ewé tíì àti ewúro nílò gan-an kò ju ife méje lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Omi ìrẹsì ọjọ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí wọn! Láti ọjọ́ náà, ọpọ́n kan dúró sí abẹ́ ibi tí a ti ń ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́. Omi ẹ̀rọ kò tún kan ìdí ewéko nínú ilé yẹn mọ́.

Míǹtì la fi sílẹ̀. Míǹtì kò lè fara da òùngbẹ rárá, ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tutù ní gbogbo ìgbà, a kò sì ní omi irú ìyẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi wó. Efínrín ńkọ́? A gé méjèèjì kù ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì sí ilẹ̀, a gbé wọn sábẹ́ ibòòji, a sì da èèpo ìrẹsì láti ilé ìlọ̀ bo ojú ilẹ̀ wọn nípọn. Ẹni tó bá rí wọn nígbà náà á rò pé igi ìdáná ni. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n rú ní oríkèé-oríkèé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí efínrín tó ń kú ní oṣù méjì-méjì. Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ẹ bi gbòǹgbò efínrín inú ìkòkò. Ìyàwó wa yìí, omi ló ń fi pa ewéko rẹ̀.

Gbòǹgbò ń mí. Láàárín ìyẹ̀pẹ̀, àwọn àlàfo wínníwínní wà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Bí omi bá kún àwọn àlàfo náà ní gbogbo ìgbà, gbòǹgbò kò rí èémí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, gbòǹgbò tó ti jẹrà kò sì lè fa omi sókè mọ́. Ewé á wá rọ, á dà bí ẹni pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, nígbà tó jẹ́ pé inú omi ló dúró sí. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wáyé. Olówó ewéko á rí i pé ó rọ, àánú á ṣe é, á tún bu omi sí i. Bí ewé bá rọ tí ilẹ̀ sì gbẹ, òùngbẹ ni. Bí ewé bá rọ tí ilẹ̀ sì tutù, ẹ fi omi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wo ìdí ìkòkò bóyá ihò rẹ̀ ti dí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bí ilẹ̀ ṣe rí nínú? Ẹ ti ìka ìfábẹ̀là bọ inú ìyẹ̀pẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bó bá tutù níbẹ̀, ẹ lọ sí ibi iṣẹ́ yín. Bó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi á fi máa kán nísàlẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí yóò tún fi gbẹ. Ẹni tó bá ti mọ́ lára á kàn gbé ìkòkò díẹ̀ sókè ni, ìwúwo rẹ̀ á sọ fún un. Omi díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀ lórí ilẹ̀ kò dára. Òkè nìkan ló ń rin, gbòǹgbò á sì máa wá omi lókè níbi tí oòrùn ti máa jó o.

N kò lè sọ pé ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni fún gbogbo ènìyàn. Nígbà òjò ní Bouaké, ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí ìka tó bá ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì, atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ ń fa omi lára ohun gbogbo, ètè ọmọdé pàápàá ń bó. Ìkòkò kékeré lè béèrè omi lójoojúmọ́ nígbà náà. Ìka ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ má wo kàlẹ́ńdà.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò gan-an ló kàn, ibí yìí ni orí sì ti bá àwọn ará Bouaké ṣe é ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Àwọn amọ̀kòkò wà lẹ́bàá ìlú níbẹ̀, ní abúlé Tanou-Sakassou tó jẹ́ ti àwọn Baoulé. Bí ẹ bá sì gba ọ̀nà àríwá bí àádọ́ta kìlómítà ó lé díẹ̀, ẹ dé Katiola, níbi tí àwọn obìnrin Mangoro ti ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò láti ayé àwọn ìyá ńlá wọn. Ìkòkò amọ̀ tí a kò kùn ń mí. Omi ń gba ara rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àmù ìyá wa àgbà ṣe máa ń làágùn, èyí tó ń mú omi inú rẹ̀ tutù nini. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí omi bíbù, bíi ìyàwó wa yìí, fi yẹ kó fi ìkòkò amọ̀ bẹ̀rẹ̀: kì í jẹ́ kí omi dúró pẹ́. Àmọ́ nígbà ọyẹ́, ìkòkò amọ̀ kan náà á gbẹ kíákíá ju kẹ́ẹ̀gì lọ. Kẹ́ẹ̀gì òróró tí a gé orí rẹ̀ ń pa omi mọ́, ó sì yẹ ewúro àti ohun tó bá ní gbòǹgbò gígùn.

Ọgbọ́n kan wà tó pa méjèèjì pọ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo kà pé àwọn ará Ṣáínà ti kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Fan Shengzhi ni wọ́n ń pe ẹni tó kọ ìwé náà. Ẹ wá orù kékeré tí a kò kùn, tó ní ọrùn tóóró. Ẹ rì í mọ́ àárín korobá tàbí ìkòkò ńlá títí dé ọrùn, kí ẹ gbin efínrín tàbí míǹtì yí i ká. Ẹ pọn omi kún orù náà, ẹ fi òkúta pẹlẹbẹ dé e lẹ́nu. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbẹ ló ń fa omi gba ara orù náà jáde. Bí ilẹ̀ bá tutù, omi á dúró sínú. Gbòǹgbò á lọ dì mọ́ ọn bí ọmọ mọ́ ìyá. Orù tó gba ife mẹ́ta lè gbé e dé ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí ẹ tó rì í, ẹ kọ́kọ́ dán an wò: ẹ pọn omi sí i lálẹ́. Bí ara rẹ̀ bá tutù lóde nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dára. Bó bá gbẹ kángun-kàngun, wọ́n ti fi nǹkan kùn ún, ẹ máa fi òdòdó sínú rẹ̀ sórí tábìlì.

Kí n tó kúrò lórí kẹ́ẹ̀gì, ẹ dákun, ẹ fetí sí èyí. Bouaké wà ní ilẹ̀ òwú. Ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ CIDT wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1974 láti máa bójú tó òwú. Òwú kì í ṣe é gbìn láìfi oògùn apakòkòrò sí i, kẹ́ẹ̀gì tí oògùn náà bá wọlé kì í sì í kú sóko. Ẹnì kan á ṣà á, á fọ̀ ọ́, á tà á. Ó lẹ́wà, ó nípọn, ó ní ìdérí tó dè dáadáa, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ má rà á. Ọṣẹ kò lè fọ oògùn yẹn kúrò tán, nítorí ó ti wọ inú rọ́bà náà lọ. Ẹ má fi gbin ohun tí ẹnu máa jẹ, ẹ má sì fi pọn omi rárá. Bí ẹ kò bá mọ ohun tó kọ́kọ́ wà nínú kẹ́ẹ̀gì kan, ẹ kà á sí ti oògùn. Kẹ́ẹ̀gì òróró ọwọ́ alákàrà tàbí ti ẹni tó ń din allocó ni kí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin fúnra yín á rí ọ̀rá nínú rẹ̀.

Ihò ńkọ́? Mẹ́rin tàbí márùn-ún nísàlẹ̀, kí ìka ọmọdé lè wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ni wọ́n ti ní kí a da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ kí omi lè máa ṣàn. Èmi náà ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò ràn án lọ́wọ́: omi kì í yára kúrò nínú ìyẹ̀pẹ̀ wọ òkúta, ńṣe ló máa ń dúró sókè òkúta náà, gbòǹgbò á sì pàdánù àyè tí òkúta gbà. Àpáàdì kan péré lórí ihò, kí ìyẹ̀pẹ̀ má baà jò lọ, ti tó.

Fún ìyẹ̀pẹ̀, mo máa ń po ọwọ́ méjì ilẹ̀ dúdú pọ̀ mọ́ ọwọ́ kan ajílẹ̀ tó ti jẹrà tán àti ọwọ́ kan iyanrìn. Èèpo ìrẹsì lè rọ́pò iyanrìn, ní Bouaké òun gan-an ni mo fẹ́. Lẹ́yìn ohun tí mo rí nípa adágún Loka, iyanrìn tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó kiri kò tún wù mí rà mọ́. Àsọdùn ni o, mo mọ̀. Iyanrìn inú ìkòkò márùn-ún kò lè gbẹ adágún.

Ajílẹ̀ tó ti jẹrà tán ni mo wí. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ń jó gbòǹgbò. Mo kọ́ èyí pẹ̀lú omijé. Mo gba àpò ìgbẹ́ adìẹ kan lọ́wọ́ aládìẹ kan lọ́fẹ̀ẹ́, mo ń yọ̀ pé mo rí ọ̀fẹ́, mo pò ó mọ́ ìyẹ̀pẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, mo gbin ọmọ efínrín mẹ́jọ sí i. Ní ọjọ́ kẹta, etí ewé wọn ti jóná bí ẹni tó sún mọ́ iná. Ọ̀kan péré ló yè, ìyẹn náà kò tóbi rí. Ẹ jẹ́ kí ìgbẹ́ adìẹ wà ní òkìtì, kó máa rin, kí ẹ máa yí i, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Nígbà tí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀ tó dà bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, ó ti pé.

Èwo ni kí ẹ gbìn? Fún ẹni tí omi rẹ̀ kò dájú, ewé tíì ni àkọ́kọ́. Ẹ tọrọ ìdì kan tó ní gbòǹgbò lọ́wọ́ ẹni tó ní, ẹ gé ewé rẹ̀ kúrú, ẹ rì í. Bó bá ti lé mú ilẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀rùn. Ìkòkò ńlá ló fẹ́, etí ewé rẹ̀ sì ń gé ọwọ́, ẹ má gbé e sí ọ̀nà àwọn ọmọ. Ewúro náà lágbára, ọ̀pá rẹ̀ kan tí a rì mọ́ ilẹ̀ ti tó. Odúndún àti àbámọdá ń fi ewé wọn tó nípọn pa omi mọ́. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni omi púpọ̀ ń pa jù. Rinrin kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbìn ín, á hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ àwọn yòókù níbi tó bá tutù. Míǹtì, ẹ gbìn ín bí ẹ bá ní omi ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, kó sì dá ìkòkò tirẹ̀ ní. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn kiri, kò pẹ́ tí yóò fi gba ilé onílé.

Efínrín ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ni ìyàwó wa fẹ́ fún ọbẹ̀ rẹ̀. Efínrín ńlá àti efínrín wẹ́wẹ́ kò rí bákan náà. Efínrín wẹ́wẹ́, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní basilic, kì í dàgbà: bó bá ti yọ òdòdó tó sì so èso, ayé rẹ̀ ti fẹ́ tán, ẹ má sọkún. Efínrín ńlá ń di igi, ó lè bá yín gbé fún ọdún mélòó kan. Ẹ má ra irúgbìn. Ẹ gé ẹ̀ka kan tó gùn tó ìka gígùn méjì lára ti ẹlòmíràn, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ kì í bọ ife omi níbi tí oòrùn kò ti pa á tààrà. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọjọ́ méjì-méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbòǹgbò funfun á ti yọ.

Bó bá ti ga tó ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé orí rẹ̀, lókè ibi tí ewé méjì ti kọjú síra wọn gẹ́lẹ́. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀ka méjì ti máa yọ dípò ọ̀kan. Bí ẹ bá tún gé méjèèjì, ó di mẹ́rin. Ewéko tí a ń jẹ báyìí ń ki sí i. Èyí tí a ń já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa ga lọ sókè tẹ́ẹ́rẹ́, á sì wó nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, àyàfi bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le bíi ti 2018. Bí òdòdó bá fẹ́ yọ, ẹ rẹ́ ẹ kúrò.

Oòrùn àárọ̀ ni kí ìkòkò rí. Ògiri tó kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀ máa ń gbóná bí ààrò lọ́sàn-án, sìmẹ́ńtì ilẹ̀ náà ń gbóná, nítorí náà ẹ fi pákó sábẹ́ ìkòkò, kí ẹ sì kó wọn jọ kí wọ́n máa bo ara wọn.

Àwo tí àwọn kan ń gbé sábẹ́ ìkòkò kí omi má baà ṣàn sílẹ̀, ẹ gbé e kúrò. Omi dídúró inú rẹ̀ ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà dengue fẹ́ yé ẹyin sí, ibà náà sì ti jà ní Abidjan ní 2017, ó tún padà wá ní 2019. Orù tí a rì náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Omi tí ẹ lè fi rin ewéko: ti ìrẹsì, ti ẹ̀fọ́, ti èso tí ẹ fọ̀, lọ́jọ́ kan náà kó tó kan. Omi ẹja ń pe eèrà àti ológbò. Omi tí iyọ̀ bá wà nínú rẹ̀, bíi èyí tí a fi bọ nǹkan, ẹ dà á nù. Iyọ̀ á máa pọ̀ sí i nínú ìkòkò títí tí yóò fi pa ewéko. Èyí tí wọ́n fi Javel sí, ẹ má tilẹ̀ gbé e débẹ̀.

Àbúrò mi ní Nimbo, ìwọ ni mo kù sí. Ife mẹ́rin lo ń bù lójoojúmọ́ fún ìkòkò kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ mẹ́ta, ó di ife méjìlá. Efínrín rẹ nílò bíi méjì nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní o ń fi omi ṣòfò kò purọ́ mọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè rọra sọ ọ́. Lọ bá a ní yàrá rẹ̀, má dúró di ìgbà tí ẹ bá tún pàdé níbi ẹ̀rọ tí gbogbo ènìyàn á máa gbọ́. Sọ fún un pé òótọ́ ló sọ, àti pé láti ìsinsìnyí lọ omi ìrẹsì ni wàá máa lò. Bí ó bá fẹ́, kó máa da tirẹ̀ náà sínú ọpọ́n rẹ.

Àwọn kan á gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o sọ gbogbo rẹ̀ di ti àgbàlá, kí kálukú máa já a. Má ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i: ní ọ̀sẹ̀ kan, igi lásán ló máa kù, kò sì ní sí ẹni tó já a. Ìkòkò kan ni kí o gbé sẹ́bàá ẹ̀rọ fún gbogbo wọn, kí o fi ibi tí wọ́n ti ń gé e han àwọn tó bá fẹ́. Èyí tó kù, gbé e sábẹ́ fèrèsé rẹ.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe nìyẹn nígbà tí efínrín rẹ̀ rú padà. Màmá Baoulé tó kọjú sí wa ló kọ́kọ́ wá gé nínú ti ẹ̀bá ẹ̀rọ, ó sì mú abọ́ omi ìrẹsì dání lọ́wọ́ kejì. Ìkòkò míǹtì yẹn ṣófo títí mo fi kúrò níbẹ̀. Àlùbọ́sà eléwé ló padà gbìn sínú rẹ̀.